Ṣé o mọ̀? Ọdún ni o rà, kì í ṣe ilẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní fúláàtì ní Lọ́ńdọ̀nù ni kò ní ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan níbẹ̀? Iye ọdún ni wọ́n sanwó fún. Ní England àti Wales, líìsì ni wọ́n sábà máa ń fi lé ẹni tó ra fúláàtì lọ́wọ́: àdéhùn pé kó máa lò ó fún ọdún 99, tàbí 125, tàbí 999. Ó lè tà á, ó lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ, ó lè kun yàrá ní àwọ̀ tó bá wù ú. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọdún bá pé, fúláàtì á tọ ilẹ̀ lẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún ní England nìkan?

Ṣé o mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní Scotland? Láti 1974 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe líìsì ilé gbígbé tó ju ogún ọdún lọ mọ́. Òfin míì, ti 2012, wá sọ ọ̀pọ̀ líìsì àtijọ́ tó gùn gbọọrọ di ohun ìní pátápátá ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2015, láìjẹ́ pé ẹni tó wà nínú ilé bẹ ẹnikẹ́ni. Ọba kan ló ń jẹ lórí ilẹ̀ méjèèjì o.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ tí o kó ẹrù wọlé ni ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́? Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ líìsì ni. Ẹni tó ra fúláàtì ní 2015, tí líìsì ọdún 99 rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1986, ọdún 70 péré ló rà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóde ìkómọ, tó ń fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún yangàn.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá tó wà ní Peckham, Camberwell, Woolwich àti Hackney ju bí a ti ń rò lọ? Ní 1980 ni ìjọba Margaret Thatcher ṣe òfin Housing Act tó fún ayálégbé káńsù lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ilé tó ń gbé, pẹ̀lú ẹ̀dínwó gidi. Àwọn òbí wa tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́, ra fúláàtì káńsù lábẹ́ òfin yẹn. Líìsì ọdún 125 ni wọ́n sábà gbà, owó ilẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju £10 lọ́dún. Ọdún 125! Ta ni yóò máa ka ìyẹn? Ó yá, jẹ́ ká kà á. Líìsì tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1981 yóò ku ọdún 80 ní 2026. Ti 1985 yóò dé ibẹ̀ ní 2030. Ti 1990, ní 2035.

Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni pé òfin gba káńsù láàyè láti mú kí gbogbo líìsì inú ilé alájà kan náà parí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí aládùúgbò rẹ lókè bá kọ́kọ́ ra tirẹ̀ ní 1981, tí ìyá rẹ sì ra ti ìsàlẹ̀ ní 1995, líìsì ìyá rẹ lè má tó 125 láti ọjọ́ kìíní. Ó lè jẹ́ 111 ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó ń fi ọdún tí màmá rà á ṣèṣirò, tó sì ń rò pé àkókò ṣì wà, lè ti pẹ́ jù láìmọ̀.

Kí ló wá wà nínú 80?

Owó ni. Bí wọ́n bá fi ọdún kún líìsì tó ti ń kúrú, iye tí fúláàtì náà lè mú wá lọ́jà á fò sókè. Èrè tó ti inú ìyẹn jáde ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń pè ní marriage value. Òfin tó wà nílẹ̀ ní kí olúwa fúláàtì fún onílẹ̀ ní ìdajì rẹ̀, bí ọdún tó kù kò bá ju 80 lọ. Bó bá ju 80 lọ, kódà pẹ̀lú ọjọ́ kan, onílẹ̀ kò ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ká ní fúláàtì kan yóò tó £300,000 bí líìsì rẹ̀ bá gùn dáadáa. Ká ní owó ilẹ̀ rẹ̀ kéré bíi ti káńsù, ká gbójú fò ó. Bó bá ku ọdún 81, ohun tí onílẹ̀ pàdánù ni pé ilé tí ìbá padà sọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 81 yóò tún pẹ́ sí i fún 90 ọdún. Ìdá 5 nínú 100 lọ́dún ni wọ́n máa ń fi ṣe ìṣirò yẹn fún fúláàtì, látìgbà ẹjọ́ Cadogan àti Sportelli ní 2006. Ó máa jáde sí bíi £5,700. Ó dára. Jẹ́ kí ọdún mẹ́fà kọjá, kó ku 75. Ìpàdánù onílẹ̀ á di bíi £7,600, èyí tí kò le jù. Àmọ́ marriage value ti wọlé. Bí àwọn tó ń díye lé ilé bá gbà pé £272,000 ni fúláàtì náà tó pẹ̀lú líìsì kúkúrú yẹn, ìpín onílẹ̀ nínú èrè á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £10,200. Àròpọ̀ rẹ̀ á di bíi £17,800. Ògiri kan náà ni, fèrèsé kan náà, líìfìtì tí kì í ṣiṣẹ́ kan náà. Mi ò mọ òfin ilé míì tí ìyàtọ̀ ọdún mẹ́fà lè náni tó báyìí.

Ṣé o mọ̀ pé báǹkì pẹ̀lú ń kà á? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ yáni lówó lórí fúláàtì tí líìsì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kọjá nǹkan bí 70. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ kò ní rí mọ́géèjì gbà, ó di àwọn olówó kéèṣì, àwọn yẹn kì í sì í dúnàádúrà pẹ̀lú àánú.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn awakùsà gúúsù Wales wà lára àwọn tó jẹ́ kí òfin yìí bẹ̀rẹ̀? Àwọn baba ńlá wọn kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní líìsì ọdún 99 nígbà tí èédú ń mówó wọlé. Nígbà tó fi di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ọdún ń pé, onílẹ̀ sì fẹ́ gba ilé tí òun kò gbé bíríkì kan lé orí rẹ̀. Ariwo yẹn ló bí Leasehold Reform Act ti 1967. Odidi ilé nìkan ni òfin yẹn dáàbò bò, kì í ṣe fúláàtì. Àwọn onífúláàtì dúró títí di 1993.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn alábòójútó ohun ìní Duke ti Westminster, ìdílé tó ni apá púpọ̀ nínú Belgravia àti Mayfair, gbé òfin 1967 náà dé Strasbourg? Wọ́n ní ìjọba ń fi tipátipá gba ilẹ̀ àwọn. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù dá wọn lẹ́bi ní 1986. Nígbà tí òfin àwọn onífúláàtì wá dé ní 1993, Duke fúnra rẹ̀ bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative. Bí òfin kan bá mú kí Duke fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: olúwa fúláàtì tí líìsì rẹ̀ ju ọdún 21 lọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba 90 ọdún lórí èyí tó kù. 75 á di 165. Onílẹ̀ kò lè sọ pé òun kò fẹ́. Káńsù náà onílẹ̀ ni, òfin mú un.

Ṣé o mọ̀ pé hóró ata kan lọ́dún ni owó ilẹ̀ á dà? Bí o bá gba ọ̀nà òfin yìí, owó ilẹ̀ á di peppercorn. Òfin owó ilẹ̀ ti 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún náà, sì kọ ohun kan náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ líìsì tuntun: hóró ata kan, lọ́dún kan. Ẹni tó mọ ìṣákọ́lẹ̀ nílé kò ní rẹ́rìn-ín. Iṣu tí àgbẹ̀ ń gbé lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà tó. Ẹ̀rí ni pé ó ṣì mọ ẹni tó ni ín. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé n kò tíì gbọ́ onílẹ̀ Mayfair tó wá kan ilẹ̀kùn láti gba ata tirẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé onílẹ̀ lè kọ lẹ́tà dídùn sí ọ? "A gbọ́ pé líìsì rẹ ti ń kúrú. Mú iye báyìí wá, a ó dá a padà sí 99, kò sí wàhálà lọ́yà." Kò ṣàbòsí o, ó lè dín owó ìsinsìnyí kù lóòótọ́. Àmọ́ láti 75 dé 99, ọdún 24 péré ni, nígbà tí òfin ń fún ọ ní 90. Owó ilẹ̀ àtijọ́ sì lè máa bá ọ lọ títí líìsì àkọ́kọ́ yóò fi parí. Ka gbogbo ojú ewé rẹ̀, pàápàá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé owó ilẹ̀ á máa di ìlọ́po méjì. £250 tó ń di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá á di £8,000 lọ́dún nígbà tí àádọ́ta ọdún bá pé. Irú rẹ̀ ló kó ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé Taylor Wimpey sí ìtìjú débi pé wọ́n ya £130 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ ní 2017 láti fi tún un ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé ìwé kan wà tó ń dá ọdún dúró? Nótíìsì abala 42 òfin 1993 ni. Ọjọ́ tí o bá fi lé onílẹ̀ lọ́wọ́ ni ọjọ́ tí wọn yóò fi ṣe gbogbo ìṣirò. Bó bá ku ọdún 80 àti ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn, iye yẹn náà ni wọn yóò lò, bí àríyànjiyàn tilẹ̀ gba ọdún méjì. Nítorí náà, bó bá ti ń sún mọ́ ẹnu ààlà, ìwé ni kó kọ́kọ́ lọ, kí ẹjọ́ máa bọ̀ lẹ́yìn. O gbọ́dọ̀ kọ iye tí o fẹ́ san sínú rẹ̀, kì í sì í ṣe iye àwàdà. Sọ̀féyọ̀ tó ń díye lé líìsì ló yẹ kó bá ọ rí sí i. O gbọ́dọ̀ fún onílẹ̀ ní oṣù méjì ó kéré tán láti fèsì. Àṣìṣe kékeré lè ba nótíìsì jẹ́, torí náà lọ́yà tó ń ṣe líìsì lójoojúmọ́ ni kí o wá. Lọ́yà tó bá ọ ṣe ìwé ìgbélùú dáadáa, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ yìí kọ́.

Ṣé o mọ̀ pé bí onílẹ̀ bá dákẹ́ títí ọjọ́ fi kọjá, tí nótíìsì rẹ sì dúró sán-ún, iye tí o kọ ni ilé ẹjọ́ lè ní kó gbà? Oṣù mẹ́fà ni o ní láti gbé e débẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onílẹ̀ ńlá kì í fi í dákẹ́.

Bó bá fèsì, tí ẹ ò sì gbọ́ra yín yé lórí iye, oṣù méjì lẹ́yìn èsì rẹ̀ ni ìlẹ̀kùn First-tier Tribunal á ṣí fún ọ ní England; ní Wales, Leasehold Valuation Tribunal ni. Ìlẹ̀kùn yẹn á tì bí oṣù mẹ́fà bá pé. Gbàgbé ọjọ́ yẹn, nótíìsì á kú, o ò sì ní lè fi òmíràn ránṣẹ́ títí ọdún kan yóò fi kọjá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 80 àti oṣù méjì tó gbàgbé ọjọ́ kan yìí á tún bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 78 àbọ̀, pẹ̀lú marriage value lórí.

Ṣé o mọ̀ pé ìwọ ni yóò san owó lọ́yà onílẹ̀? Àti ti sọ̀féyọ̀ rẹ̀, níwọ̀n tó bá bọ́gbọ́n mu. Owó tí ó bá ná ní tribunal kò sí lọ́rùn rẹ. Ó tún lè ní kí o san àsansílẹ̀: £250, tàbí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí o kọ sínú nótíìsì, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ṣé o mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, o gbọ́dọ̀ ti ní fúláàtì náà fún ọdún méjì kí o tó lè fi nótíìsì ránṣẹ́? Láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2025, ìyẹn ti lọ. Bí o bá rà á lónìí, o lè bẹ̀rẹ̀ ní kété tí orúkọ rẹ bá ti wọ ìwé. Ẹni tó ń tà pẹ̀lú lè fi nótíìsì ránṣẹ́, kó sì fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé ẹni tó ń rà lọ́wọ́. Béèrè fún un nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà.

Èyí kan ogún gan-an. Bàbá kú, fúláàtì wà ní Peckham, àwọn ọmọ wà ní Houston, Ìbàdàn àti Milton Keynes, ẹjọ́ ta ni yóò tà á àti ta ni yóò gbé e kò sì tán bọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta á lọ, mẹ́rin á lọ. Líìsì kì í dúró de ìpàdé ẹbí. Ẹni tí probate bá fún láṣẹ lórí dúkìá náà lè fi nótíìsì ránṣẹ́ bí ìjà ṣì ń lọ lọ́wọ́, kò sì ní kí ìpín ẹnikẹ́ni dín. Ìpín gbogbo wọn ló ń dáàbò bò.

Ṣé o mọ̀ pé o ṣì lè fa líìsì gùn bí a ò bá rí onílẹ̀ mọ́? Ilé-iṣẹ́ lè ti túká, èèyàn lè ti sọnù. Ilé ẹjọ́ county lè pàṣẹ kí wọ́n ṣe líìsì tuntun náà, wọ́n á sì díye lé e.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn aládùúgbò lè para pọ̀ ra ilẹ̀ lábẹ́ ara wọn? Bí àwọn tó dara pọ̀ bá kó ó kéré tán ìdajì fúláàtì inú ilé náà, tí àwọn ìlànà yòókù sì pé, onílẹ̀ á tà á fún wọn, wọ́n á sì lè fún ara wọn ní ọdún 999. Ó dùn létí. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti gba owó iná àtẹ̀gùn lọ́wọ́ ilé mẹ́jọ á mọ ibi tó ti le.

Ṣé o mọ̀ pé tí líìsì bá parí tí o ṣì ń gbénú rẹ̀, wọn kì í sábà jù ọ́ síta lọ́jọ́ kejì? Òfin kan ti 1989 lè sọ ọ́ di ayálégbé. O ń san owó ilé bí ọjà ṣe wí, nínú ilé tí o ti fi mọ́géèjì ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó ní C of O (Certificate of Occupancy) ní Èkó wà nínú ìbátan ọ̀rọ̀ yìí? Látìgbà tí Land Use Act ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ọdún 99 ni C of O sábà máa ń jẹ́. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1980 yóò parí ní 2079. Ìyẹn ń bọ̀ wá di ẹjọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wa.

Ṣé o mọ̀ pé òfin tuntun kan ti wà nínú ìwé tó ní kí marriage value kú? Leasehold and Freehold Reform Act ni, ọba fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 2024. Ó ní kí àfikún ọdún kúrò ní 90, kó di 990. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fún onílẹ̀ ní ìdajì èrè mọ́. Síbẹ̀, títí 2025 fi parí, àwọn apá wọ̀nyí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn onílẹ̀ ńlá ti gbé e lọ sí High Court, ilé ẹjọ́ sì dá ẹjọ́ wọn nù ní oṣù Kẹwàá 2025.

Ṣé kí èèyàn wá dúró? Ibi tí mo rọ̀ mọ́ ni pé ọdún tó kù ni yóò dáhùn. Bó bá ku 81 tàbí 82, má dúró. O ò lè fi ààlà tí o ti mọ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí òfin tí kò tíì ní ọjọ́, ohun tí ìdúró yóò sì mú wá fún ọ kéré. Bó bá ku 68, tí o kò ní tà á láìpẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ìdajì èrè yẹn ti wà lọ́rùn rẹ tẹ́lẹ̀, ó sì lè jẹ́ owó ńlá tí òfin tuntun yóò gbé kúrò. Kí sọ̀féyọ̀ bá ọ wo iye tí ọdún kan ìdúró yóò fi kún un. Bó bá ku 68, tí o sì fẹ́ tà á lọ́dún yìí, báǹkì ẹni tó fẹ́ rà á ti pinnu fún ọ.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń gbani nímọ̀ràn lórí gbogbo èyí lọ́fẹ̀ẹ́, LEASE ni orúkọ rẹ̀? Kí o tó pè wọ́n, lọ sórí íkànnì ìjọba fún HM Land Registry, san £7 (iye rẹ̀ láti oṣù Kejìlá 2024), kí o gba title register fúláàtì rẹ. Wo ọjọ́ tí líìsì bẹ̀rẹ̀ àti iye ọdún tí wọ́n kọ sí i. Ro méjèèjì pọ̀, kí o yọ ọdún tí a wà yìí kúrò nínú rẹ̀.